Báǹkì Child: ta ló fẹ́ ọmọ ta, ta ló jogún kí ni

Francis Child, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe Báǹkì Child ní Lọ́ńdọ̀nù, kì í ṣe ọmọ olówó ìlú náà. Abúlé Heddington ní agbègbè Wiltshire ni wọ́n bí i sí ní 1642, òwò aṣọ ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Ní 1656, wọ́n mú un wá sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ wúrà fún ọdún 8, ó sì gba fìrídọ́ọ̀mù ní 1664. Ọ̀rọ̀ kan náà tí àwọn ọmọ iṣẹ́ wa ń lò nílé ni tiwọn náà, ẹgbẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ló sì ń fún ni.

Iṣẹ́ ti mọ́ ọn lọ́wọ́, owó tí yóò fi dá dúró ni kò sí. Ìgbéyàwó ló yanjú ìyẹn. Ní 1671, ó fẹ́ Elizabeth Wheeler. Alágbẹ̀dẹ wúrà ni William Wheeler, bàbá ìyàwó. Nígbà tó kú, opó rẹ̀ fẹ́ Robert Blanchard, tóun náà ń ṣe iṣẹ́ yìí. Bí Child ṣe fẹ́ ọmọ tí ìyàwó Blanchard gbé wá nìyẹn, tó sì di alájọṣe rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n gbé àmì òdòdó Marygold kọ́ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Temple Bar ní Fleet Street. Blanchard kú ní 1681, ìdí òwò sì bọ́ sọ́wọ́ Child. Ẹni tó bá ń tọpa irú ìdílé báyìí, kó má fojú fo opó. Opó tó tún ọkọ fẹ́ ló máa ń gbé òwò láti abẹ́ orúkọ kan bọ́ sábẹ́ òmíràn. Bó bá jẹ́ orúkọ bàbá sí ọmọkùnrin nìkan lẹ ń tẹ̀lé, ibi Wheeler ni ọ̀nà yóò ti pin.

Báwo ni alágbẹ̀dẹ wúrà ṣe wá dé ìdí owó títọ́jú? Ní 1640, Ọba Charles Kìíní gbẹ́sẹ̀ lé owó tí àwọn oníṣòwò kó sí Tower of London. Wọ́n gbà á padà nígbẹ̀yìn, àmọ́ ọkàn wọn ò balẹ̀ síbẹ̀ mọ́. Alágbẹ̀dẹ wúrà ní àpótí irin, ó sì lẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ. Ẹni tó bá kó owó sílé rẹ̀ á gba ìwé pélébé kan: orúkọ ẹni tó kówó wá, iye owó, ọjọ́, ìlérí pé òun yóò san án fún ẹni náà tàbí ẹni tó bá mú ìwé náà wá, lẹ́yìn náà ìfọwọ́sí. Bí £100 bá wà nínú ìwé, tí olówó wá gba £30, wọ́n á kọ £30 àti ọjọ́ náà sẹ́yìn rẹ̀, ìwé á wá ku £70. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi rí i pé kò pọn dandan kéèyàn máa ru owó fàdákà kiri. Wọ́n ń fi ìwé yẹn san gbèsè. Òfin ọdún 1704 ló wá jẹ́ kí ẹni tí ìwé náà dé ọwọ́ rẹ̀ lè fi pe ẹjọ́ ní kóòtù. Ìwé kejì wà tí oníbàárà fúnra rẹ̀ máa ń kọ sí alágbẹ̀dẹ pé kó bá òun san iye báyìí fún lágbájá. Ìyẹn ló di ṣẹ́ẹ̀kì.

Nítorí pé gbogbo olówó kì í wá gbowó lọ́jọ́ kan náà, alágbẹ̀dẹ ń yá àwọn mìíràn nínú rẹ̀, ó sì ń gba èlé. Ibẹ̀ ni ewu wà. Owó tó lè di bíbéèrè lónìí ni wọ́n ń yá ẹni tí kò ní san án títí ọdún yóò fi yí po. Edward Backwell, alágbẹ̀dẹ wúrà tó ga ju Child lọ fíìfíì nígbà náà, kó owó àwọn oníbàárà rẹ̀ yá Ọba Charles Kejì. Ní January 1672, ọba ní ìṣúra òun kò ní sanwó fún ọdún kan. Gbèsè tí ọba jẹ Backwell nìkan tó £295,994, èyí tó jẹ Robert Vyner, alágbẹ̀dẹ wúrà mìíràn, sì jẹ́ £416,724. Àwọn tó fowó pamọ́ ya dé, owó ò sí nílẹ̀. Backwell ò gbérí mọ́. Ilẹ̀ Holland ló padà kú sí. Orúkọ Blanchard àti Child kò sí lára àwọn tí gbèsè ọba wọ̀ lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ Backwell àti ọmọ Child fẹ́ra wọn, débi pé Barnaby Backwell di alájọṣe ní báǹkì Child.

Child jẹ oyè Sir ní 1689, ó di Lord Mayor Lọ́ńdọ̀nù ní 1698, ó sì kú ní 1713. Ọmọkùnrin 12 àti ọmọbìnrin 3 ni Elizabeth bí fún un. Robert, Francis àti Samuel ló di ìdí báǹkì mú tẹ̀léra wọn. Kì í ṣe ìfẹ́ ẹbí nìkan ló fà á. Láti 1708, òfin ní yàtọ̀ sí Bank of England, báǹkì kankan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbọdọ̀ ní ju alájọṣe 6 lọ, ó sì di 1826 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Alájọṣe kọ̀ọ̀kan ló tún máa fi ilé, ilẹ̀ àti ohun ìní rẹ̀ gbogbo dúró fún gbèsè báǹkì. Ta lẹ máa fi irú ìyẹn lé lọ́wọ́ bí kì í bá ṣe ọmọ, àbúrò tàbí àna? Bí alájọṣe kan bá sì kú, àjọṣe ti tú lójú òfin. Àrólé lè ní kí wọ́n kó owó bàbá òun fún òun, báǹkì á sì mì tìtì. Ìdí nìyí tí ìwé ìhágún fi ṣe pàtàkì tó ìwé ìṣirò.

Ti Robert Child, ọmọ Samuel, ló hàn jù. Ọmọ kan ṣoṣo ló ní, Sarah Anne. Ní May 1782, tí ọmọ náà kò tíì pé ọdún 18, John Fane, Earl kẹwàá ti Westmorland, gbé e sá lọ sí Gretna Green. Òfin ọdún 1753 ní ẹni tí kò tíì pé ọdún 21 gbọ́dọ̀ gba àṣẹ bàbá kó tó ṣègbéyàwó, àmọ́ òfin yẹn kò dé Scotland: ẹ̀jẹ́ níwájú ẹlẹ́rìí ti tó níbẹ̀, Gretna sì ni abúlé tí èèyàn máa kọ́kọ́ bá bó bá ti kọjá ààlà.

Robert ò lè tú ìgbéyàwó náà ká. Bó bá sì fi báǹkì sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọkọ ló fi fún, torí lábẹ́ òfin ìgbà náà, ohun ìní obìnrin ń bọ́ sọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ ni. Tó bá ní kó lọ sọ́dọ̀ àkọ́bí ọmọkùnrin wọn, ẹni tó máa jẹ oyè Westmorland náà ni yóò kó o. Ló bá kọ ìwé ìhágún rẹ̀ pé kí ogún fo àwọn méjèèjì, kó lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin kejì tàbí àgbà ọmọbìnrin wọn, kí àwọn alágbàtọ́ sì dì í mú títí onítọ̀hún yóò fi dàgbà. Oṣù July ọdún yẹn náà ni Robert kú.

Sarah Sophia, àgbà ọmọbìnrin Sarah Anne, ni ogún já mọ́ lọ́wọ́. Wọ́n bí i ní 1785, nígbà tó sì pé ọdún 21 ní 1806, ó di àgbà alájọṣe ní báǹkì Child, ipò tó wà títí ó fi kú ní 1867. Ó ti fẹ́ George Villiers, tó di Earl ti Jersey. Ní 1819, ọkọ náà fi Child kún orúkọ tirẹ̀, Child Villiers sì ni àwọn ọmọ wọn ń jẹ́ títí dòní.