Bí owó ìrànwọ́ fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ṣe ń dé ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Amẹ́ríkà

Onílù Yorùbá tó ń gbé Chicago tàbí Atlanta lè gbé dùndún lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tí ọmọ rẹ̀ ń lọ, kó lùlù fún wọn ní ọjọ́ kan, kí inú àwọn ọmọ dùn, kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà sì bẹ̀ ẹ́ pé kó máa wá kọ́ wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń há ni owó. Owó náà wà o, àmọ́ kò sí lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ọ̀nà tó sì ń gbà jáde gùn ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ.

Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń pín owó iṣẹ́ ọnà ni National Endowment for the Arts, tí wọ́n ń pè ní NEA. Ààrẹ Lyndon Johnson ló buwọ́ lu òfin tó dá a sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1965. Ìdá 40 nínú 100 owó tó wà fún pínpín ni òfin ní kó lọ sọ́dọ̀ àwọn àjọ iṣẹ́ ọnà ti ìpínlẹ̀ àti ti agbègbè, kí àwọn náà tún un pín. Ọ̀dọ̀ àjọ ìpínlẹ̀ yìí ló yẹ kí ẹni tí kò tíì gba irú owó bẹ́ẹ̀ rí ti bẹ̀rẹ̀. Owó wọn kéré sí ti NEA, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù wọn sábà máa ń fúyẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn tún ní orúkọ àwọn oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n ti yẹ̀ wò, tí ilé ẹ̀kọ́ lè pè wá kọ́ àwọn ọmọ.

Ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo kò lè kọ̀wé béèrè owó lọ́dọ̀ NEA fúnra rẹ̀. Ẹni tó lè kọ̀wé ni ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ tó ń darí àwọn ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò náà, tàbí ẹgbẹ́ tí kì í ṣe fún èrè tó ti ń ṣe iṣẹ́ ọnà láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Onílù kò lè dá a kọ, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà kò lè dá a kọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni wíwá ẹgbẹ́ tí yóò dúró gẹ́gẹ́ bí olùbéèrè, kí ilé ẹ̀kọ́ wá jẹ́ alábàáṣe.

Lẹ́yìn èyí ni ìforúkọsílẹ̀, ibẹ̀ sì ni àkókò ti máa ń bọ́ mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ náà gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ ní SAM.gov, ìkànnì ìforúkọsílẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀, kó gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ń pè ní UEI, kó tó lè fi ìwé ránṣẹ́ láti orí Grants.gov, ìkànnì tí wọ́n fi ń béèrè owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀. Bí orúkọ ẹgbẹ́ lórí ìwé owó orí bá yàtọ̀ sí èyí tó wà lórí fọ́ọ̀mù, bó ti wù kó kéré mọ, ọ̀rọ̀ náà lè fa ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọdọọdún ni wọ́n sì ń tún un ṣe. Ẹni tó bá kọ lẹ́tà pé kí ẹgbẹ́ sanwó kí òun tó bá a ṣe é, ọjà tirẹ̀ ló ń tà, kì í ṣe ìjọba.

Ọkàn ìwé náà ni ibi tí a ti ń ṣàlàyé ohun tí ọmọ yóò kọ́. Onílù tó mọṣẹ́ dáadáa lè rò pé bí ìlù òun bá ti dùn tó ni owó yóò ṣe rọrùn tó láti gbà. Àwọn ìgbìmọ̀ tó ń ka ìwé fẹ́ kí iṣẹ́ náà dára lóòótọ́, wọ́n sì máa ń béèrè fún fọ́nrán tàbí fọ́tò tó fi í hàn, ṣùgbọ́n wọn kì í ra eré fún ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń náwó lé lórí, ó sì gbọ́dọ̀ bá ìlànà ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ti orílẹ̀-èdè tàbí ti ìpínlẹ̀ mu.

Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí. Gbólóhùn bíi “àwọn ọmọ yóò mọ àṣà Áfíríkà” kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó ń kà á. Ṣùgbọ́n ká ní wọ́n kọ ọ́ pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, ọmọ kíláàsì kẹrin yóò lè fi etí ya ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ sọ́tọ̀, yóò lè fún ọṣán ìyáàlù kó fi sọ orúkọ ara rẹ̀, yóò sì lè ṣàlàyé ìdí tí gúdúgúdú, tí kò ní ọṣán tí a lè fún, kò fi lè sọ̀rọ̀ bí ìyáàlù. Èyí ṣeé wọ̀n. A lè gba ohùn àwọn ọmọ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ká tún gbà á ní ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn, kí olùkọ́ sì fi ìlànà kan náà fún méjèèjì ní máàkì. Ìwé tó ní irú ojú ewé yìí ń fi ọ̀wọ̀ hàn fún ọmọ àti fún ìlù.

Ètò ìnáwó ló kàn. NEA kì í dá nìkan gbé ẹrù: bó bá fi dọ́là kan sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà gbọ́dọ̀ wá ó kéré tán dọ́là kan láti ibòmíì tí kì í ṣe àpò ìjọba àpapọ̀. Owó tí wọ́n sábà máa ń fúnni fún iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ láti $10,000 títí dé $100,000. Ká fi $12,000 láti ọwọ́ NEA ṣe àpẹẹrẹ. Onílù méjì, ẹnì kọ̀ọ̀kan wákàtí mẹ́rin lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 12, ní $75 fún wákàtí kan, jẹ́ $7,200. Ìlù mẹ́wàá ní $400 ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ $4,000. $800 tó kù á wà fún awọ àti ọṣán, torí ẹ̀rọ amúlégbóná ìgbà òtútù máa ń gbẹ awọ ewúrẹ́ títí á fi ya. Ẹ̀gbẹ́ kejì, ìyẹn owó tí ẹgbẹ́ náà yóò wá láti ibòmíì, náà gbọ́dọ̀ pé $12,000: $6,000 nínú owó oṣù olùkọ́ orin tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ àdúgbò ń san, $2,000 fún gbọ̀ngàn tí ẹgbẹ́ kan yọ̀ǹda, àti $4,000 tí àwọn òbí dá. Ohun tí èèyàn yọ̀ǹda náà ń jẹ́ owó nínú ìṣirò yìí, bí iye rẹ̀ bá ní ẹ̀rí. Oúnjẹ àríyá ọjọ́ ìparí kò gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀gbẹ́ kankan níbẹ̀, àní bó bá jẹ́ àwọn òbí ló sè é.

Ìgbìmọ̀ á fún ìwé ní máàkì, National Council on the Arts, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń gba NEA nímọ̀ràn, á yẹ̀ ẹ́ wò, alága NEA ló sì ń sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ìwé tó wọlé ní oṣù kejì kì í sábà di iṣẹ́ kí oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀lé e tó dé. Bí owó bá sì jáde náà, ọkàn kò gbọdọ̀ balẹ̀ ju bó ti yẹ lọ: ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ gba lẹ́tà lórí íméèlì pé wọ́n ti fagi lé owó tí NEA ti ṣèlérí fún wọn. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹgbẹ́ ní ju orísun owó kan lọ.

Olùkọ́ tó kàn fẹ́ ìlù mẹ́ta péré kò nílò gbogbo ìrìn yìí. DonorsChoose, ìkànnì tí olùkọ́ kan ní Bronx ní New York dá sílẹ̀ ní 2000, máa ń jẹ́ kí olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kọ ohun tó nílò síta kí àwọn aráàlú dáwó rẹ̀. Owó kì í dé ọwọ́ olùkọ́. DonorsChoose á ra nǹkan náà, á sì fi ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́.

California tún yàtọ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, àwọn olùdìbò fọwọ́ sí àbá òfin kan tí wọ́n ń pè ní Proposition 28, tó ń ya owó sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún iṣẹ́ ọnà àti orin ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Kò sí ìdíje níbẹ̀: iye akẹ́kọ̀ọ́ àti iye àwọn tó wá láti ilé tálákà ni wọ́n fi ń pín in. Ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ tó ní akẹ́kọ̀ọ́ 500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ ná ó kéré tán ìdá 80 nínú 100 lórí àwọn òṣìṣẹ́, owó náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ àfikún sí ohun tí wọ́n ti ń ná tẹ́lẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbé ìròyìn rẹ̀ sórí ìkànnì wọn, pẹ̀lú iye olùkọ́ tí owó náà gbà síṣẹ́ àti iye ọmọ tó jàǹfààní. Òbí tàbí onílù tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá àyè wà fún dùndún lè kọ́kọ́ ka ìròyìn yẹn, kó tó lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́.