Bí òṣùwọ̀n ṣe wọ ilé-ìwé, tí ìwé ìwọ̀n fi ń bá ọmọ relé

Bí a bá pàdé ìyá ọlọ́mọ lọ́jà tí a ní, "Ah, ọmọ yìí mà ti sanra o," ẹnu ìyá náà kò ní í pàdé. Á ní, "Ọlọ́run ni." Ṣùgbọ́n ìyá Yorùbá tó ń gbé ní Peckham, ní London, lè ti ibi iṣẹ́ dé kó bá lẹ́tà nílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, pé wọ́n wọn ọmọ rẹ̀ ọmọ ọdún 10 nílé-ìwé, ó sì ti sanra ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ìyá àgbà tó ti Ìbàdàn wá bá wọn tọ́mọ bá gbọ́ ìtumọ̀ lẹ́tà náà, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé ta ló rán wọn níṣẹ́? Ṣé àwọn ló ń fún un lóúnjẹ ni?

Màmá rò pé èébú lòun ń bú, àmọ́ ìbéèrè gidi ni. Ta ló rán wọn níṣẹ́? Nígbà tí mo tọ ọ̀rọ̀ náà lọ sẹ́yìn, mo rí i pé ọmọ tó sanra kọ́ ni wọ́n ń wá nígbà tí òṣùwọ̀n kọ́kọ́ wọ ilé-ìwé. Ọmọ tí ebi ń pa ni wọ́n ń wá.

Bradford ni ká ti bẹ̀rẹ̀, ìlú kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ pé irun àgùntàn ni wọ́n fi ń hun aṣọ tà. Ní 1899, Margaret McMillan, tó wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń darí àwọn ilé-ìwé ìlú náà, pẹ̀lú Dókítà James Kerr, ní kí wọ́n yẹ ara àwọn ọmọ ilé-ìwé wò. Ohun tí wọ́n rí kò ṣe é fẹnu sọ: ọmọ tí eyín rẹ̀ ti jẹrà, ọmọ tí aṣọ òtútù ti wà lọ́rùn rẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan láìbọ́. Ọdún yẹn náà ni ogun tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá àwọn Boer, òyìnbó àgbẹ̀ tó ń gbé ní Gúúsù Áfíríkà, jà bẹ́ sílẹ̀. Bí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ìlú ńláńlá ṣe ń sáré wá fi orúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ológun, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dá ọ̀pọ̀ wọn padà, torí pé wọ́n ti rù jù, wọ́n kúrú jù, àyà wọn ò sì tó nǹkan. Ìjọba bá ta gìrì. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, ìgbìmọ̀ náà jábọ̀ ní 1904, òfin oúnjẹ ilé-ìwé jáde ní 1906, òfin àyẹ̀wò ara ọmọ ilé-ìwé sì tẹ̀lé e ní 1907. Láti 1908 ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, gíga ọmọ àti ìwọ̀n rẹ̀ sì wà lára ohun tí dókítà gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀. Ẹ ò rí i pé ojú ológun ni wọ́n fi ń wo ọmọ nígbà yẹn.

Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe ní Bradford ní 1907 ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi wò dáadáa. Dókítà Ralph Crowley, tó ń tọ́jú àwọn ọmọ ilé-ìwé ìlú náà, àti Marian Cuff, tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ oúnjẹ sísè, ṣa ogójì ọmọ jọ láti àdúgbò tí òṣì ti pọ̀ jù. Láti oṣù kẹrin dé oṣù keje, wọ́n ń fún wọn ní oúnjẹ àárọ̀ àti ti ọ̀sán, wọ́n sì ń wọ̀n wọ́n. Ótì ni oúnjẹ àárọ̀, èyí tó dà bí ògì tiwa. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọmọ 13 ní àwọn ò jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó ku méjì. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, abọ́ kálukú ti mọ́. Crowley ya ìlà ìwọ̀n wọn sórí ìwé, ìlà náà sì ń gòkè lọ ní tirẹ̀, títí ó fi kan ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gba ìsinmi Pẹ́ńtíkọ́sì. Ilé-ìwé tì, oúnjẹ dúró, ìlà náà já wálẹ̀. Ìgbà tí wọ́n wọlé padà ló tó tún gbérí.

Àwọn tó ń sọ pé òbí ni kó bọ́ ọmọ rẹ̀, pé kò kan ìjọba, ni wọ́n torí wọn ya ìlà yẹn. Oúnjẹ ló ṣáájú, òṣùwọ̀n wá tẹ̀lé e láti jẹ́rìí sí i. Bí ìwọ̀n ọmọ bá lọ sílẹ̀, ìjọba ni òṣùwọ̀n ń bá wí.

Amẹ́ríkà ni ìwé ìwọ̀n ti wá yà sílé òbí. Ní 1918, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní New York tí wọ́n pè ní Child Health Organization, tí Dókítà Emmett Holt, gbajúgbajà oníṣègùn ọmọdé, jẹ́ olórí rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí òṣùwọ̀n wà ní gbogbo ilé-ìwé, kí ọmọ rí oúnjẹ gbígbóná jẹ lọ́sàn-án, kí tíṣà máa kọ́ni ní ìmọ́tótó, kí ìwọ̀n ọmọ kọ̀ọ̀kan sì máa bá káàdì máàkì rẹ̀ relé lóṣooṣù. Wọ́n tiẹ̀ ní aláwàdà kan tó ń kun ojú, tó ń ti ilé-ìwé kan dé òmíràn láti fi ẹ̀fẹ̀ sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n mu mílíìkì kí wọ́n sì jẹ ẹ̀fọ́. Cho-Cho ni wọ́n ń pè é. Orúkọ ẹgbẹ́ náà, C-H-O, ni wọ́n sọ di orúkọ rẹ̀. Orí ògiri kíláàsì ni wọ́n ń lẹ ìwọ̀n àwọn ọmọ mọ́, kí gbogbo èèyàn lè rí i, ohun tí ò jẹ́ bọ́ síbi kankan lónìí. Síbẹ̀, ọmọ tó rù ló ń jẹ́ ọmọ tó ní ìṣòro nígbà yẹn, orí rẹ̀ á sì wú lọ́jọ́ tí nọ́ńbà rẹ̀ bá gòkè.

Ibi tí mo ti ya ọ̀dọ̀ wa nìyí, mi ò sì ya ibẹ̀ kí n lè fi ìlú mi yangàn.

Kí òṣùwọ̀n tó dé ilẹ̀ Yorùbá, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ló ń bá ìyá sọ̀rọ̀. Tó bá fún, ọmọ ń dàgbà. Tó bá ń yọ̀, kí ìyá yáa tètè ronú. Ní 1956, dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ David Morley dé sí ilé-ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ibà, ìgbẹ́ gbuuru àti àìjẹunrekánú ń pa ọmọ wẹ́wẹ́ bí ẹni pa eṣinṣin, ilé-ìwòsàn sì máa ń rí wọn nígbà tí ẹ̀pa ò bóró mọ́. Morley àti àwọn nọ́ọ̀sì tó bá a ṣiṣẹ́ gba Ìmẹ̀sí-Ilé lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ipasẹ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí ìlú náà láti ọjọ́ ìbí títí wọ́n á fi pé ọdún 5.

Ìdí iṣẹ́ yẹn ni káàdì kan ti jáde. Bébà tó nípọn ni, tí wọ́n pín sí oṣù-oṣù láti ìbí dé ọdún 5. Ìlà méjì gba orí rẹ̀ kọjá, wọ́n rọra ń tẹ̀ gòkè bí etí ọ̀nà méjèèjì, àlàfo àárín wọn sì ni Morley pè ní ọ̀nà ìlera. Oṣooṣù ni nọ́ọ̀sì ń wọn ọmọ, tí á fi bírò tọ́ ẹ̀kán kan síbi tó bọ́ sí. Ibi tí ẹ̀kán bọ́ sí gan-an kò jọ Morley lójú tó ibi tí wọ́n kọjú sí. Ọmọ lè kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ̀kán rẹ̀ bá ń gòkè, kò séwu. Ọmọ tí tirẹ̀ dúró sójú kan fún oṣù méjì ni kí wọ́n sáré sí, bó ti wù kó máa rẹ́rìn-ín tó, torí káàdì máa ń rí ebi kí ojú tó rí i.

Wọn kì í tọ́jú káàdì náà sílé-ìwòsàn. Inú ọ̀rá ni wọ́n ń kó o sí, wọ́n á gbé e lé ìyá ọmọ lọ́wọ́ pé kó máa mú un lọ sílé. Àwọn kan ní yóò sọnù, pé obìnrin tí ò kàwé kò ní í mọ ohun tó wà níbẹ̀. Kò sọnù. Ẹ ṣáà lọ tú àpótí ìyá yín wò, ẹ máa bá rìsíìtì owó orí bàbá yín àtijọ́ níbẹ̀, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára yín á sì wà lábẹ́ rẹ̀. Obìnrin tí ò mọ ABD mọ ohun tó ń jẹ́ òkè àti ìsàlẹ̀. Kò pẹ́ tí káàdì Ìmẹ̀sí-Ilé fi di ohun tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé náà sì gbà á wọlé. Morley padà sí London ní 1961, ó sì kú ní 2009.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ sísanra kò tíì délé-ìwé. Ìṣirò tó gbé e débẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Belgium kan, Adolphe Quetelet, ló kọ́kọ́ ṣe é ní nǹkan bí 1832: kí a sọ gíga èèyàn di ìlọ́po ara rẹ̀, kí a wá fi èyí tó jáde pín ìwọ̀n rẹ̀. Ó ń wá bí èèyàn lásán ṣe ń rí ni, kì í ṣe ẹni tó sanra. Ní 1972 ni Ancel Keys, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, sọ ìṣirò náà ní BMI, lẹ́yìn tó dán an wò lára ọkùnrin tó lé ní 7,000 láti orílẹ̀-èdè 5. Àgbà ọkùnrin ni gbogbo wọn. Ìgbà tó yá ni wọ́n wá fi ọjọ́ orí kún un kí wọ́n lè lò ó fún ọmọdé.

Ó di Arkansas, ìpínlẹ̀ kan ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ní 2003, wọ́n sọ fún gómìnà ibẹ̀, Mike Huckabee, pé ó ti ní ìtọ̀ ṣúgà. Ara rẹ̀ tóbi gan-an nígbà náà, ó sì padà fọn tó kílò 45 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún yẹn kan náà ló buwọ́ lu Òfin 1220, òfin tó sọ Arkansas di ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tó pa á láṣẹ pé kí wọ́n wọn gbogbo ọmọ ilé-ìwé ìjọba lọ́dọọdún, kí wọ́n sì kọ èsì BMI ránṣẹ́ sí òbí. Òfin náà tún lé ẹ̀rọ tó ń ta míńírà àti ìpápánu kúrò nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wọn ọmọ tó lé ní 300,000 lọ́dún àkọ́kọ́, ìdá 38 nínú 100 wọn ló sanra jù tàbí tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀. Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í dé ilé ní 2004.

Inú bí àwọn òbí kan. Wọ́n ní káàdì máàkì fún ọ̀rá ara ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí wọn, pé ọmọ tí ò bẹ̀rù oúnjẹ tẹ́lẹ̀ ti wá ń bẹ̀rù rẹ̀. Àwọn mìíràn ní àwọn dúpẹ́, pé àwọn ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyẹn náà kì í ṣe irọ́, torí ọmọ tí a ń rí lójoojúmọ́, ojú wa kì í tètè mọ̀ pé ó ti yàtọ̀. Ní 2007, ilé aṣòfin tún òfin ọ̀hún ṣe: wọn ò wọn ọmọ lọ́dọọdún mọ́, àfi lọ́dún méjì-méjì, òbí tí kò bá sì fẹ́ lè kọ̀wé pé kí wọ́n yọ ọmọ òun sílẹ̀. Massachusetts náà gba lẹ́tà wọlé ní 2009. Nígbà tó fi di 2013 wọ́n ti jáwọ́ nínú rẹ̀, torí àròyé pé àwọn ọmọ ń fi nọ́ńbà ara wọn ṣẹ̀sín.

Ní England, ọdún 2005 ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ọmọ káàkiri, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ìwé ní ọmọ ọdún 4 sí 5, àti àwọn ọmọ ọdún 10 sí 11. Ọmọ á bọ́ bàtà, á bọ́ kóòtù, á gun orí òṣùwọ̀n, á sì padà sí kíláàsì. Níbẹ̀rẹ̀, ìjọba ló ń kó nọ́ńbà jọ fún ètò ara rẹ̀, wọn kì í fi ránṣẹ́ sí òbí tí ò bá béèrè. Òfin 2008 ló yí ìyẹn padà. Wọ́n ṣọ́ ọ̀rọ̀ lò nínú lẹ́tà náà débi pé wọ́n yẹra fún èdè líle tí dókítà ń lò fún ẹni tó sanra rẹpẹtẹ. Àtẹ tí wọ́n fi ń ṣe ìdájọ́ náà, láti ara àwọn ọmọ tí wọ́n wọ̀n nílẹ̀ Bìrìtìkó títí di 1990 ló ti wá. Nítorí náà, "ó ju bó ṣe yẹ lọ" tó wà nínú lẹ́tà ìyá Peckham yẹn, ó ju ti àwọn ọmọ ìgbà náà lọ ni.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ní California, Kristine Madsen àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tọ ipasẹ̀ ọmọ bíi 29,000 ní ilé-ìwé 79 láti 2014 sí 2017. Wọ́n wọn àwọn kan tí wọ́n sì kọ̀wé sí òbí, wọ́n wọn àwọn kan láìkọ̀wé, wọn ò wọn àwọn kan rárá. Èsì jáde ní 2021: lẹ́tà kò dín ìwọ̀n ọmọ kankan kù. Wíwọ̀n tí wọ́n ń wọ̀n wọ́n nílé-ìwé tiẹ̀ mú kí àwọn ọmọ náà túbọ̀ kórìíra bí ara wọn ṣe rí.

Èmi ò sọ pé kí wọ́n má sọ fún òbí o. Bí wọ́n bá mọ nǹkan nípa ọmọ mi tí wọ́n wá dákẹ́, ìjà ni. Àmọ́ Bradford se oúnjẹ kó tó gbé òṣùwọ̀n síta. Oúnjẹ gbígbóná wà nínú ohun tí ẹgbẹ́ Cho-Cho ń béèrè. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, nọ́ọ̀sì jókòó ti ìyá, ó fi ìka tọ́ka ọ̀nà náà hàn án, wọ́n á sì tún ríra lóṣù tó ń bọ̀. Ohun tó bọ́ sí ìyá Peckham lọ́wọ́ ni bébà kan àti nọ́ńbà fóònù kan tó lè pè.

Ó sì ṣe é pani lẹ́rìn-ín, torí nígbà tó bí ọmọ náà, wọ́n fún un ní ìwé pupa kékeré kan nílé-ìwòsàn, tí ìlà ń tẹ̀ gòkè nínú rẹ̀ bíi ti Ìmẹ̀sí-Ilé, pé kó máa mú un dání wá síbi tí wọ́n ti ń wọn ọmọ. Ó ń mú un dání nígbà náà. Ìgbà tí ọmọ wọ ilé-ìwé, ó tì í sínú dúrọ́ọ̀, ó wà níbẹ̀ títí di òní.