Ta ló bí «went»?

Ìbéèrè: Ọmọ mi tó wà ní JSS 1 bi mí pé bí «walk» bá di «walked», kí ló dé tí «go» kò di «goed»? Mo ní bí òyìnbó ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Ṣé ìdáhùn wà ni?

Ó wà, ó sì dùn ún gbọ́. «Went» kì í ṣe ọmọ «go» rárá. Ọmọ «wend» ni, ọ̀rọ̀ kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò gbọ́ rí. Ẹ ní kí ọmọ náà kọ ìwọ̀nyí sílẹ̀: send, sent, bend, bent, lend, lent, spend, spent. Kó wá kọ wend sábẹ́ wọn, á fojú ara rẹ̀ rí ohun tó kàn.

Láyé àtijọ́, «wendan» ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é: kéèyàn yí nǹkan padà, tàbí kó yà gba ibòmíràn. Àwọn ará Jámánì ṣì ń sọ «wenden» fún yíyí nǹkan padà títí dòní. «Go» náà ní tirẹ̀ fún ìrìn tó ti kọjá, «ēode», tó di «yede» nígbà tó yá. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1500, yede ti ń pa rẹ́ lẹ́nu àwọn ará gúúsù England, went sì ti jókòó sípò rẹ̀. Wend tí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ wá bí òmíràn: wended.

Ìbéèrè: Báwo ni wọ́n ṣe ń lò ó báyìí?

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè dá rìn mọ́. «Way» ló máa ń bá a rìn: «We wended our way through the market.» Ẹ wo ìyá kan tó gbẹ́rù sórí ní Ìdúmọ̀tà nígbà tí Kérésì ku ọ̀la. Ó yà fún ọmọlanke, ó fẹ̀gbẹ́ kan wọ àárín ìsọ̀ méjì, ó dúró díẹ̀, ó tún ń lọ. Kò sáré, kò sì ṣìnà. Wend nìyẹn. Odò tó ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ lọ náà ń wend; ẹni tó sáré sọdá títì kò wend.

Àwa náà ní irú rẹ̀. À ń sọ pé ó relé, ó re oko, ó re Èkó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi yín pé bàbá dà, ẹ ò ní sọ pé «wọ́n ti re». «Wọ́n ti lọ» lẹ máa sọ. Re kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí à ń lọ, bí wend náà kì í sábà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ way.

Ìbéèrè: Ṣé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń ṣe báyìí?

Rárá. Àwọn ará wa ní Kétu àti Sakété ní ilẹ̀ Benin tí wọ́n ń ka Faransé mọ̀ ọ́n: «je vais» (mo ń lọ), «j'irai» (màá lọ). Lílọ kan náà ni, ṣùgbọ́n «vadere» ti Látìn ló bí vais, «ire» ló bí irai. «Lọ» tiwa kì í yí: mo lọ lánàá, màá lọ lọ́la.