Ta Ni Ẹlẹ́sìn Búdà Ń Bẹ̀?

Ère kékeré kan wà lórí káńtà ìyá kan tó ń ta abọ́ ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo. Ọkùnrin tó pá lórí ni, ó sanra, ó ṣí ikùn sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní ta nìyí. "Tísà, ṣebí Búdà ni, ọlọ́run àwọn ará Ṣáínà. Wọ́n ní ó máa ń fa oníbàárà." Ìyá tó ń sọ̀rọ̀ yìí, Alhaja ni o.

Ẹ̀kọ́ ìsìn ni mo ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé, n kò lè gbé e mì. Mo ní, "Alhaja, èyí kọ́ ni Búdà." Budai ni wọ́n ń pe ẹni tó sanra yẹn, àlùfáà kan tí ìtàn rẹ̀ gbilẹ̀ ní Ṣáínà. Búdà fúnra rẹ̀, Siddhartha Gautama, Lumbini ni wọ́n bí i sí, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Nepal lónìí. Ó ti lé ní 2,400 ọdún. Búdà kì í sì í ṣe orúkọ àbísọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "ẹni tó ti jí".

Ti pé ó jẹ́ ọlọ́run ló le jù. Mùsùlùmí gbà pé Ọlọ́hun ló rán Ànábì Muhammad níṣẹ́. Kìrìsìtẹ́nì gbà pé Jésù ni Ọmọ Ọlọ́run. Gautama ò pe ara rẹ̀ ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ó fi ilé ọlá sílẹ̀, ó jókòó sábẹ́ igi kan ní Bodh Gaya ní Íńdíà, nígbà tó dìde, ọ̀rọ̀ oníṣègùn ló ń sọ: àrùn rèé, ohun tó fà á rèé, ó ṣeé wò, oògùn rẹ̀ rèé. Àrùn náà ni ìnira tó wà nínú ayé, kódà nínú ayọ̀ tí kì í pẹ́ lọ. Ohun tó fà á, òùngbẹ ni ọ̀rọ̀ tó lò fún un, òùngbẹ kí á ní, kí á jẹ́, kí nǹkan má yí padà. Oògùn rẹ̀ ni ọ̀nà ẹlẹ́ka mẹ́jọ, láti orí òye tó tọ́ títí dé orí ìpọkànpọ̀ tó tọ́. Kò ní kò sí òrìṣà o. Àwọn ẹ̀mí ọ̀run pọ̀ nínú ìtàn wọn, àmọ́ àwọn náà ń kú, kò sì sí ọ̀kankan nínú wọn tó dá ayé.

Níbi àtúnwá ni ọ̀rọ̀ ti dùn jù létí èmi, nítorí ẹlẹ́sìn Búdà náà gbà pé ẹ̀dá ń padà wá sáyé. Àwa tí à ń sọ ọmọ ní Babátúndé àti Yétúndé máa ń rò pé ohun kan náà ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ìyá àgbà bá padà wá sílé wa, a óò pọntí, a óò ṣe àsè. Lójú ti wọn, ìpadàwá gan-an ni wàhálà; wọ́n ń wá bí wọn ò ṣe ní padà wá mọ́. Àwa tún gbà pé Orí wà tí ẹ̀dá yàn lọ́run. Búdà ní kò sí nǹkan kan nínú ènìyàn tí kì í yí padà.

Kí ló wá ń padà wá nígbà náà? Tí ọdún Ọ̀ṣun bá ń bọ̀, a máa ń tan Àtùpà Olójúmẹ́rìndínlógún ní ààfin Àtáọ́ja. Ká ní a fi iná ojú kan ran èkejì, ṣé iná kan náà ni? Kò sí ohun tó fò láti ibì kan bọ́ sí ibòmíràn, síbẹ̀ ti àkọ́kọ́ ló bí èkejì. Àpèjúwe iná àtùpà yìí wà nínú ìwé wọn àtijọ́. Ìwà àti èrò ọkàn ẹni ló ń ran èyí tó ń bọ̀. Nirvana, tó jẹ́ òpin ọ̀nà náà, ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí iná kú: iná ìwọra, iná ìkórìíra, iná àìmọ̀kan. Kì í ṣe àlùjánnà.

Òfin wọn ò ṣàjèjì: má pànìyàn, má jalè, má ṣàgbèrè, má purọ́, má mu ọtí tàbí ohun mìíràn tí ń pa ni bí ọtí. Àmọ́ ti pípa yẹn kan ẹranko pẹ̀lú, èyí tí kò ní rọrùn fún àgbò Iléyá àti adìyẹ Kérésì wa.

Ẹ má sì rò pé ohùn kan ni gbogbo wọn ní. Ní Japan, àwọn ọmọlẹ́yìn Shinran, olùkọ́ ẹ̀sìn kan láyé àtijọ́, gbà pé agbára ẹni ò tó, pé kí á fọkàn tán Amida, ìyẹn Búdà mìíràn tí wọ́n gbà pé ó ń gba ni là, kí á sì máa pe orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìwàásù oore-ọ̀fẹ́ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe àmín.

Alhaja gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní, "Tísà, bí ọmọ wọn bá wá kú, ta ni wọ́n ń ké pè?"

Mo sọ ìtàn obìnrin kan, Kisa Gotami, fún un. Ọmọ rẹ̀ kú, ó gbé òkú rẹ̀ tọ Búdà lọ pé kó jí i. Búdà ní kó lọ tọrọ wóró músítádì wá, ṣùgbọ́n láti ilé tí ẹnikẹ́ni ò ti kú rí. Ó ń kanlẹ̀kùn kiri. Músítádì wà ní gbogbo ilé. Ilé tí ikú ò dé ni kò rí. Ó padà, ó sin ọmọ rẹ̀.

Alhaja dákẹ́ díẹ̀. "Ní Òkè-Fìà níbí náà, kò ní rí i." Ó fi etí hijáàbù rẹ̀ nu eruku ara ère náà, ó gbé e padà sórí káńtà, ó ní abọ́ mélòó ni mo fẹ́.