Ibi tí owó ilé-ìwé ọmọ onílùú ti ṣẹ̀ wá ní Amẹ́ríkà

Òbí tó bá lọ́mọ ní yunifásítì ìjọba ní Texas tàbí Maryland mọ̀ pé owó méjì ló wà: ti ará ìpínlẹ̀ náà, àti ti àtọ̀húnrìnwá, tó máa ń jù ú lọ ní ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan ní òfin Morrill ti ọdún 1862, tí Ààrẹ Lincoln buwọ́ lù, ló bí i. Mi ò gbà. Ilẹ̀ ni òfin yẹn fún àwọn ìpínlẹ̀ láti fi dá kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀.

Lójú tèmi, ọ̀dọ̀ àwọn tálákà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá. Lọ́dún 1662, lábẹ́ Ọba Charles Kejì, wọ́n ṣòfin pé àdúgbò tí tálákà ti fìdí múlẹ̀ ni yóò máa bọ́ ọ. Bí àlejò bá dé, tí wọ́n sì rí i pé ó lè di ẹrù sí wọn lọ́rùn, ogójì ọjọ́ ni wọ́n ní láti fi lé e padà. Bí wọn ò bá lé e, ó di tiwọn. Àwọn tó wọkọ̀ lọ tẹ New England dó gbé àṣà náà dání. Àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ máa ń kìlọ̀ fún àlejò pé kó kúrò, kó má baà di ará ilé. Ta ni yóò jẹ nínú owó tí ará ìlú dá jọ? Mo gbà pé ìbéèrè yẹn náà ni wọ́n gbé wọ yunifásítì.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí ilé-ẹjọ́ wọn ń lò fún ibi tí òfin kà sí ilé èèyàn, «domicile»: láti ara «domus» ni, ìyẹn ilé lédè Látìn. Àwa náà mọ ìyàtọ̀ yìí. Ẹni tó ti gbé Èkó fún ogún ọdún ṣì ń sọ lásìkò Iléyá pé òun ń lọ sílé. Ibi tí a ń gbé lọ̀tọ̀, ilé lọ̀tọ̀.

Òfin tó dá Yunifásítì California sílẹ̀ lọ́dún 1868 ṣèlérí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ará ìpínlẹ̀ nígbà tí àpò bá gbà á. Lọ́dún 1922, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ fọwọ́ sí i pé kí èèyàn gbé ibẹ̀ fún ọdún kan kó tó jẹ àǹfààní onílùú. Lọ́dún 1969, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fagi lé dídúró ọdún kan kí tálákà tó gba ìrànwọ́ ìjọba. Kíá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Minnesota gbé àwíjàre yẹn kan náà lọ síwájú adájọ́ lórí dídúró ọdún kan kí wọ́n tó san owó onílùú, wọ́n sì pàdánù. Bí òfin méjèèjì kì í bá ṣe ọmọ ìyá, kí ni wọ́n fẹ́ fi ẹjọ́ ọ̀kan gba èkejì là?

Lọ́dún 1973, ẹjọ́ Connecticut fún akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ẹ̀rí hàn pé òun ti di ará ìpínlẹ̀ náà. 1982, àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ Báńkì Àgbáyé borí yunifásítì Maryland, tó fi owó onílùú dù wọ́n. 2001, Texas àti California ṣòfin tó ṣílẹ̀kùn owó onílùú fún àwọn ọmọ tí kò ní ìwé ìgbélùú, tó parí sẹ́kọ́ńdìrì níbẹ̀. Ti Texas kú sí kóòtù ní oṣù kẹfà 2025, ó sì dùn mí wọra.