Bí owó ọjọ́ àìsàn ṣe ń dín jàǹbá ibi iṣẹ́ kù

Ní Amẹ́ríkà, kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ tó pa á láṣẹ fún gbogbo agbanisíṣẹ́ pé kí wọ́n san owó ọjọ́ tí àìsàn bá dá òṣìṣẹ́ dùbúlẹ̀. Òfin ọdún 1993 tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí FMLA gba òṣìṣẹ́ láyè láti fi ọ̀sẹ̀ 12 tọ́jú ara rẹ̀ nígbà àìsàn tó le láìpàdánù iṣẹ́, ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ kò sí nínú ìsinmi náà. Láti ọdún 2009, owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin àpapọ̀ jẹ́ dọ́là 7.25 fún wákàtí kan. Ẹni tó bá ń gba iye yẹn, tó sì fi ọjọ́ iṣẹ́ oníwákàtí mẹ́jọ sùn sílé, ti sọ dọ́là 58 nù, ká má tíì sọ ìbẹ̀rù pé ọ̀gá lè fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé láàárọ̀ ọjọ́ tí ara bá gbóná, owó ilé ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń rò kí wọ́n tó ro oògùn. Wọ́n á fi omi tútù bọ́jú, wọ́n á wọ aṣọ iṣẹ́, wọ́n á sì jáde.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá débi iṣẹ́? Ṣé bí wọ́n bá ń san owó ọjọ́ àìsàn, àwọn tó ń fara pa á dín kù? Ohun tí ìwádìí fi hàn títí di báyìí ni pé bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀nà tó sì ń gbà ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti tọ̀ lẹ́yìn.

Ara ló kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀. Ọ̀fìnkìn lásán máa ń fà èèyàn sẹ́yìn: àkókò tó wà láàárín ìgbà tí ojú rí nǹkan àti ìgbà tí ọwọ́ ṣe ohun tó yẹ á gùn díẹ̀ sí i. Lórí àga ọ́fíìsì, ìyẹn lè má ju kéèyàn ṣi lẹ́tà kan tẹ̀ lọ. Nídìí ẹ̀rọ tó ń gé irin, ìka lè bá a lọ. Ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru ti gbẹ omi ara rẹ̀, òòyì lè kọ́ ọ lórí àkàsọ̀. Ẹni tí ikọ́ kò jẹ́ kó sùn mọ́jú á máa tòògbé nídìí ọkọ̀ akẹ́rù. Oògùn pàápàá dá kún un. Piriton àti àwọn oògùn bíi tirẹ̀ tí wọ́n ń lò fún ọ̀fìnkìn àti ara yíyún máa ń kun èèyàn lóorun, ìkìlọ̀ sì wà lára wọn pé kí ẹni tí oorun bá ń kùn má wa ọkọ̀, kó má sì dí ẹ̀rọ mú. Òṣìṣẹ́ tí kò lè jókòó sílé wá há sáàárín méjì: bí kò bá lo oògùn, àìsàn ni yóò máa bá fà á, bó bá lò ó, oorun ni. Kò sí èyí tó sàn nínú méjèèjì fún ẹni tó wà lórí òrùlé.

Ewu náà kì í sì í mọ lọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣàìsàn. Ẹnì kan ló ń di ìsàlẹ̀ àkàsọ̀ mú fún ẹni tó wà lókè. Ẹnì kan ló ń juwọ́ sí awakọ̀ tó ń fi ẹ̀yìn rìn nínú ọgbà ilé iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì méjì ló jọ ń gbé aláìsàn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì sórí kẹ̀kẹ́. Bí ọwọ́ ọ̀kan bá yẹ̀, ẹ̀yìn èkejì ló ń já. Tó bá tún jẹ́ àìsàn tó ń ràn, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ á kó o, ọwọ́ á dín nídìí iṣẹ́, àwọn tó ṣẹ́ kù á máa ṣe àfikún wákàtí, àárẹ̀ tiwọn náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí jàǹbá.

Apá kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ kà sí. Ọjọ́ àìsàn kì í ṣe ti ọjọ́ ibà nìkan. Òun lòṣìṣẹ́ fi ń rí dókítà lọ́jọ́ iṣẹ́ láìpàdánù owó: kí wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀, kí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò, kí wọ́n tún oògùn rẹ̀ ṣe. Alátọ̀gbẹ tí ìwọ̀n oògùn rẹ̀ kò bá a mu mọ́, ṣúgà ara rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì nígbà tó ń wakọ̀ lọ́wọ́. Nínú ọ̀pọ̀ òfin ìlú àti ìpínlẹ̀ tó wà ní Amẹ́ríkà, òbí tún lè lo ọjọ́ yìí kan náà láti tọ́jú ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Ìyẹn kì í ṣe ojú àánú lásán. Ìyá tó fi òru mẹ́ta ṣọ́ ọmọ kò ní àìsàn kankan lára, síbẹ̀ kò yẹ lẹ́ni tó ń dí ẹ̀rọ mú láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin.

Ìwádìí tí wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012 nínú American Journal of Public Health. Àwọn mẹ́ta tó ṣe é, Abay Asfaw, Regina Pana-Cryan àti Roger Rosa, jẹ́ òṣìṣẹ́ NIOSH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí lórí ààbò àti ìlera òṣìṣẹ́. Lọ́dọọdún ni ìjọba ibẹ̀ máa ń rán èèyàn lọ sínú ilé káàkiri orílẹ̀-èdè náà láti béèrè bí ìlera ará ilé ṣe rí. Èsì ọdún 2005 sí 2008 ni wọ́n lò, wọ́n sì wo nǹkan bí 38,000 òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aládàáni. Wọ́n rí i pé ewu kí ẹni tó ní owó ọjọ́ àìsàn fara pa lẹ́nu iṣẹ́ fi ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti ẹni tí kò ní. Àwọn onímọ̀ náà sọ pé níbi tí iṣẹ́ ti léwu, bí iṣẹ́ ìkọ́lé, iṣẹ́ ilé ẹ̀rọ, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn, ni irú owó bẹ́ẹ̀ ti lè wúlò jù.

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Iṣẹ́ tó ń san owó ọjọ́ àìsàn sábà máa ń jẹ́ iṣẹ́ tó dáa lọ́nà mìíràn pẹ̀lú: owó oṣù tó jọjú, ẹ̀rọ tuntun, ọ̀gá tó ń ra bàtà ààbò àti ìbọ̀wọ́ fún òṣìṣẹ́. Ó lè jẹ́ àwọn nǹkan wọ̀nyẹn ló ń dáàbò bo òṣìṣẹ́, kó má jẹ́ ọjọ́ àìsàn. Àwọn onímọ̀ náà mọ èyí, wọ́n sì fi ọjọ́ orí, ìwé tí èèyàn kà, irú iṣẹ́ àti àwọn nǹkan mìíràn sínú ìṣirò wọn, kó lè jẹ́ pé ẹni tó jọra ni wọ́n ń fi wéra. Ìyàtọ̀ náà ṣì dúró. Síbẹ̀, ìwádìí tó béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan kò lè fi ẹ̀rí múlẹ̀ pátápátá pé ohun kan ló fa èkejì.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ka ìfarapa náà yẹ ní wíwò, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn ún yẹ̀ wò jù. Ẹnìkan lè sọ pé òṣìṣẹ́ tí kò ní ọjọ́ àìsàn ni yóò fẹ́ parọ́ pé ibi iṣẹ́ lòun ti fara pa, kí owó ẹ̀san lè jáde fún un. Ìyẹn ìbá jẹ́ ìṣòro bó bá jẹ́ ìwé ẹ̀san ni wọ́n kà. Ilé àwọn èèyàn ni wọ́n ti lọ béèrè, kò sì sí owó kankan nínú ìdáhùn. Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, ìfarapa tí èèyàn torí rẹ̀ lọ bá oníṣègùn nìkan ni ìbéèrè náà ń kà. Ta ni kì í sì í fẹ́ lọ bá oníṣègùn? Ẹni tí yóò pàdánù owó ọjọ́ yẹn ni. Ó di ọwọ́ rẹ̀ ní aṣọ, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì kà á. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí ìdá 28 yẹn kéré sí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí gan-an.

San Francisco ni ìlú àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tó sọ ọ́ di òfin. Àwọn ará ìlú dìbò fún un ní oṣù Kọkànlá ọdún 2006, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejì ọdún 2007. Connecticut tẹ̀ lé e ní ọdún 2012 gẹ́gẹ́ bí ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le: fún wákàtí 30 tí èèyàn bá fi ṣiṣẹ́ ní San Francisco, ó ti ní wákàtí kan ìsinmi àìsàn nípamọ́, owó rẹ̀ sì pé. Wákàtí yìí ń ga bí owó àjọ, títí tó fi dé iye tí òfin dá dúró sí. Ohun tí àwọn agbanisíṣẹ́ bẹ̀rù ni pé òṣìṣẹ́ á kàn máa fi ọjọ́ àìsàn gbafẹ́. Nígbà tí àjọ kan tó ń jẹ́ Institute for Women's Policy Research bi àwọn òṣìṣẹ́ ìlú náà ní ọ̀rọ̀ wò, tí wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2011, ọjọ́ mẹ́ta péré ni òṣìṣẹ́ tó bọ́ sí àárín, bí a bá tò wọ́n láti orí ẹni tó lo ọjọ́ tó kéré jù dé orí ẹni tó lo èyí tó pọ̀ jù, ń lò lọ́dún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin fàyè gba márùn-ún tàbí mẹ́sàn-án. Ìdá kan nínú mẹ́rin wọn kò lo ọjọ́ kan. Òṣìṣẹ́ ń fi í pamọ́ de ọjọ́ tí yóò nílò rẹ̀ gan-an.

Àmọ́ owó nìkan kò tó bí ìbẹ̀rù bá ṣì wà. Ní ọdún 2022, nǹkan bí 115,000 òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù ní Amẹ́ríkà fẹ́rẹ̀ẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀. Àdéhùn tí wọ́n gbé síwájú wọn fi ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn láàárín ọdún márùn-ún, síbẹ̀ mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ 12 kọ̀ ọ́. Ohun tó ń dùn wọ́n ni pé kò sí ọjọ́ àìsàn kankan tí owó wà nínú rẹ̀, tí àwọn ilé iṣẹ́ kan sì ń yọ máàkì lára ẹni tí kò bá wá síbi iṣẹ́. Bí máàkì bá tán, ìyà dé. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ tó gùn ju máìlì kan lọ wá ń ro máàkì nígbà tó yẹ kó máa ro bóyá ojú òun ń ríran dáadáa. Ilé aṣojú-ṣòfin dìbò pé kí wọ́n fún wọn ní ọjọ́ méje. Ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, ìbò 52 ló fara mọ́ ọn, 43 kọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ 60 ni wọ́n nílò. Ààrẹ Biden buwọ́ lu àdéhùn náà ní oṣù Kejìlá láìsí ọjọ́ méje yẹn. Ní ọdún 2023 ni àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ díẹ̀ díẹ̀.

Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ti ṣáájú San Francisco lórí ọ̀rọ̀ yìí. Abala 16 nínú òfin náà, tó wà láti ọdún 1974, fún òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí owó ọjọ́ iṣẹ́ tó tó 12 lọ́dún bí àìsàn ìgbà díẹ̀ bá dá a dúró, tí dókítà tó ní ìwé àṣẹ sì jẹ́rìí sí i. Ìwé dókítà yẹn ni ìdènà fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹni tí ibà mú lálẹ́, tó lo oògùn, tó nílò ọjọ́ kan péré láti sùn, ní láti lọ tò sílé ìwòsàn kó sì sanwó káàdì kí ọjọ́ kan yẹn tó lè jẹ́ tirẹ̀. Àṣẹ tí Ààrẹ Obama pa ní ọdún 2015 fún àwọn ilé iṣẹ́ tó ń gba kọ́ńtíráàtì ìjọba àpapọ̀ ní Amẹ́ríkà wo ibi yìí dáadáa: àyàfi bí ìsinmi bá tó ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta léra wọn ni ọ̀gá lè béèrè ìwé dókítà.

Àwọn tí iṣẹ́ wọn léwu jù, bí lébìrà tó ń gba owó ojúmọ́ àti ọlọ́kadà, kì í sábà ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ tí wọ́n lè fi béèrè ẹ̀tọ́ abala 16. Lábẹ́ Òfin Ẹ̀san Òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 ní Nàìjíríà, agbanisíṣẹ́ ń san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí àpò NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó ẹ̀san òṣìṣẹ́, láti inú èyí tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tó bá fara pa. Owó tó dáa ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn jàǹbá ló ń dé. Ẹni tó bá ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ lọ́wọ́ lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọjọ́ 12 náà wà nínú rẹ̀, bóyá wọ́n yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ìsinmi ọdọọdún, àti ọjọ́ mélòó èèyàn lè fi wà nílé kí wọ́n tó béèrè ìwé dókítà.