Bébà mábù tí olóògbé fi sílẹ̀: ẹ má tíì gbé e lọ fún láminéètì

Bí ẹbí bá bá ìdì bébà mábù lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì olóògbé tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, irú bébà aláràbarà tó máa ń wà nínú èèpo ìwé lẹ́jà àtijọ́, láminéètì ló sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn. Àwọn tó ń ṣe é kún Lágere ní Ilé-Ifẹ̀, owó rẹ̀ ò sì wọ́n. Ẹ má dán an wò. Ooru ẹ̀rọ náà á lẹ ọ̀rá mọ́ àwọ̀, ẹni tó bá ní kí òun bó ọ̀rá á bó àwọ̀ pẹ̀lú.

Òkè bébà ni àwọ̀ ọ̀hún wà. Kò dà bí adìrẹ tí aró ti wọnú òwú, tó ṣe é fọ̀. Wọ́n á se ewéko òkun títí omi rẹ̀ á fi ki díẹ̀, wọ́n á wọ́n àwọ̀ tí wọ́n fi òróòro màlúù pò sójú rẹ̀, wọ́n á fi ìyarun fà á, wọ́n á wá tẹ́ bébà lé e. Omi álọ́ọ̀mù (alum, irú iyọ̀ kan) tí wọ́n ti fi ra bébà tẹ́lẹ̀ ló ń di àwọ̀ mú. Bí bébà bá ti kúrò lójú omi, àwòrán ti bá a lọ. Kò sí ìbejì fún un. Álọ́ọ̀mù kan náà ní ásíìdì: bó bá pọ̀ jù, bébà á pọ́n bí ewé gbígbẹ, etí rẹ̀ á sì máa já.

Nítorí náà, kò sí aṣọ tútù níbẹ̀ o. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tí wọ́n fi ń kun ojú ni kí ẹ fi gbá eruku, láti àárín lọ sí etí, láìtẹ̀ ẹ́. Kí ẹ tó tú ìdì náà rárá, ẹ ya fọ́tò bí olóògbé ṣe tò ó. Ó lè jẹ́ ibẹ̀ la ti máa mọ èyí tó kọ́kọ́ ṣe. Ìyarun rẹ̀, ọpọ́n rẹ̀ àti ìwé tó kọ ìwọ̀n álọ́ọ̀mù sí, ẹ má kó wọn dànù.

Ọ̀rinrin ni ọ̀tá rẹ̀ ní Ifẹ̀. Bó bá kọjá 65% nínú yàrá fún ọjọ́ mélòó kan, ebu lè yọ. Ẹ̀rọ kékeré tó ń wọ̀n ọ́n wà lọ́jà. 45 sí 55 ló dáa. Àpótí páànù máa ń làágùn lóru, kò dáa fún un. Ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sínú páálí tí kò ní ásíìdì, pẹ̀lú bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò ní ásíìdì láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwé ìròyìn ò lè ṣe é. Ẹ gbé páálí sókè ilẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15, kó jìnnà sí ògiri. Ẹ má ju káńfọ̀ sí i: òórùn rẹ̀ léwu fún ẹni tó ń ṣí páálí, kò sì dá ikán dúró.

Bí ẹ bá rí ebu bí eérú, ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ, ẹ má sì sá a sóòrùn. Oòrùn á mú àwọ̀ ṣá, bébà á sì ká kò. Ẹ bo imú, ẹ yà á kúrò lára ìyókù, ẹ tẹ́ ẹ síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ lábẹ́ òjìji. Ó di ìgbà tó bá gbẹ tán kí ẹ tó gbá a, níta.

Pẹ́ńsùlù 2B ni kí ẹ fi kọ nọ́ńbà sí igun ẹ̀yìn rẹ̀. Bíróò á yọ sójú.

Fọ́tò ni kó máa rìn kiri, kí ojúlówó jókòó sílé. Iná méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kí wọ́n dà sórí rẹ̀ ní dígírì 45. Kí ojú kámẹ́rà dọ́gba pẹ̀lú bébà. Kí rúlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ skánà, 600 dpi (iye ààmì àwòrán nínú íǹṣì kan), ẹ sì fi í pamọ́ ní TIFF, irú fáìlì àwòrán kan. Bí ẹ bá ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ yan Document, torí fọ́tò lásán á fún un pọ̀ títí ìlà tín-ínrín á fi dàrú.

Ẹni tó bá ra bébà kan, bébà ló rà. Àṣẹ láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ajogún, bí olóògbé kò bá ti fún ẹlòmíràn, títí 70 ọdún lẹ́yìn ìparí ọdún tó kú, bí òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà (Copyright Act) ti 2022 ṣe là á kalẹ̀. Bí oníṣòwò bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sára áńkárá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: èwo, ẹ̀dà mélòó, ọdún mélòó. Kí gbogbo ajogún fọwọ́ sí i, kì í ṣe àkọ́bí nìkan.